Mo Ní Kò Sí Ọ̀nà fún Kẹ̀kẹ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ǹjẹ́ ẹ ti rí àgbàlagbà tí ó jowú arọ rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dáhùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi tán ná.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí. Ìlú Toronto ni mo ń gbé, nínú ilé alájà púpọ̀ kan nítòsí Jane and Finch. N kò ní dárúkọ ara mi, nítorí àwọn tí wọ́n ń kí mi ní "Bàbá wa" pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ń ka ojú ewé yìí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé ẹrù kan pamọ́ sábẹ́ agbádá. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọmọdébìnrin kan bi mí ní ìbéèrè kan, okùn ẹrù náà sì já.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan. N ó pè é ní Délé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Mo fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan náà ni a lọ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ibẹ̀ ni a sì ń gbé. Ọdún tí mo wọ kíláàsì karùn-ún ni Délé wọ kíláàsì kìíní. Ẹ̀yin tí ẹ gba irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kọjá kò nílò àlàyé. Èmi ni sínọ̀, òun ni júnọ̀. Òun ni ó ń pọn omi ìwẹ̀ mi láàárọ̀, òun ni ó ń fọ aṣọ mi, òun ni ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Bí mo bá pè é, eré ni ó máa ń sá wá.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n. Mo di ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba, òun di tíṣà ìtàn, kò yí i padà. Nígbà tí ìjọba ológun gbóná, tí ilé kò gba ẹni mọ́, tí ọ̀nà kò sì gba èrò, a sá wá sí Kánádà ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi tí àwọn akọ̀wé ń dìde fún tẹ́lẹ̀ di ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé alájà àwọn olówó. Délé ń to páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Meadowvale. Síbẹ̀, bí ó bá rí mi ní ìpàdé àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì òtútù lọ́rùn rẹ̀. Òun nìkan ni ó rántí ẹni tí mo jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti bàjẹ́.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àtọ̀gbẹ gba ẹsẹ̀ ọ̀tún Délé. Èkejì kò sì lè gbé e mọ́. Ó kó lọ sọ́dọ̀ Ṣadé, ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Burlington. Kẹ̀kẹ́ arọ di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó máa ń pè é ní mọ́tò. Bí a bá béèrè àlàáfíà rẹ̀, á ní, "Mọ́tò mi kò mu epo, kò sì san owó páàkì. Kí ni mo tún fẹ́?"

Ohun kan ṣoṣo ni Délé ṣì ń fẹ́ láyé. Nígbà tí ó wà ní yunifásítì, olùkọ́ rẹ̀ kan sọ fún un pé máàpù àtijọ́ kan wà ní Lisbon, èyí tí àwọn Potogí fi ọwọ́ yà sórí awọ ẹran ní ayé ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń bá etíkun wa ṣòwò. Ó ní orúkọ Ìjẹ̀bú wà lórí rẹ̀, bí ahọ́n Potogí ṣe lè pè é. Délé fi ogún ọdún sọ ọ̀rọ̀ máàpù yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Kò rí i rí. Ó ń fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i kí ó tó kú.

Ṣadé gbìyànjú. Ó ṣètò ọjọ́ mẹ́wàá fún bàbá rẹ̀, ní Róòmù àti ní Lisbon. Iṣẹ́ kò jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ lè lọ. Ó pè mí lórí fóònù.

"Uncle, ẹ̀yin nìkan ni Daddy máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi tẹ̀lé wọn. I can't get the time off. Mo ti gba yàrá tiyín náà."

Mo gbà. Inú mi tilẹ̀ dùn. Mo ra fìlà tuntun. N kò ro ti ẹni tí yóò ti kẹ̀kẹ́ rárá. Mo rò pé a máa rí ẹni bá wa tì í.

Èmi ni mo tì í.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn ìlú àtijọ́ wọ̀nyẹn lẹ́wà, ṣùgbọ́n wọn kò ro ti ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ nígbà tí wọ́n ń kọ́ wọn. Òkúta wẹẹrẹ ni wọ́n tò sójú títì, bí ẹyin adìẹ tí a kó jọ. Kẹ̀kẹ́ á máa gbọ̀n, Délé á máa gbọ̀n, èmi náà á máa gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Ní Róòmù, òógùn mu fìlà tuntun mi ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Délé ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o, mọ́tò yìí kò ní búrékì!" Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, ní ọjọ́ náà.

Ohun tí ó ń dùn mí kì í ṣe òógùn. Gbogbo ibi tí a bá dé, Délé ni wọ́n máa ń kí. Wọn á tẹ̀ ba níwájú rẹ̀, wọn á mú un kọjá àwọn tí wọ́n tò. Èmi, wọn á kàn fi ọwọ́ hàn mí ibi tí n ó dúró sí. Ní hòtẹ́ẹ̀lì, obìnrin tó wà ní tábìlì ìgbàlejò bi Délé bóyá olùtọ́jú rẹ̀ yóò jẹun àárọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Olùtọ́jú rẹ̀ ni èmi. Délé ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n mi ni." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí ó gbọ́ àwàdà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mò ń ṣàwáwí. Mo ń sọ bí inú mi ṣe rí ni. Mo wo Délé tí kò lè rìn, mo jowú rẹ̀. Mo jowú ọmọ tí ó bí, tí ó mọ ohun tí bàbá rẹ̀ ń fẹ́ tí ó sì ṣe é. Àwọn ọmọ tèmi, orí fóònù ni wọ́n wà. Bí mo bá sọ Yorùbá sí wọn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọn á fi fèsì, kí ìṣẹ́jú méjì tó pé wọn á ní àwọn wà lẹ́nu iṣẹ́.

A dé Lisbon. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, a jókòó sí gbàgede kan létí odò, a sì gbọ́ Yorùbá lẹ́yìn wa. Obìnrin méjì ni, wọ́n wá ṣèbẹ̀wò láti London. Wọ́n kúnlẹ̀ kí wa méjèèjì. Ọ̀rọ̀ dùn, ẹ̀rín pọ̀. Délé, tí inú rẹ̀ ń dùn, nawọ́ sí mi.

Ó ní, "Ẹ wò wọ́n dáadáa o. Sínọ̀ mi nìyí. Mo pọn omi fún wọn títí orí mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pá. Ọlọ́run ti wá sọ wọ́n di dẹ́rẹ́bà mi!"

Àwọn obìnrin náà pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan ní, "Háà, Daddy! Ẹ̀san omi nìyẹn o! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sinmi!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Délé di ọwọ́ mi mú bí ó ti ń rẹ́rìn-ín. Eré ni. Mo mọ̀ nígbà náà pé eré ni. Ṣùgbọ́n inú mi dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Mo rò pé Délé ti fi ọgọ́ta ọdún rántí omi náà, pé ó ń dúró de ọjọ́ tí yóò san án fún mi níwájú obìnrin. Mo ti mọ̀ báyìí pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e ni ọjọ́ máàpù. Délé wọ bùbá àti ṣòkòtò àlàárì tí ó ti pa mọ́ fún un láti Burlington. Takisí já wa sí ẹsẹ̀ òkè kan. Ilé tí wọ́n ń kó àwọn ìwé àtijọ́ sí wà lórí òkè náà, àtẹ̀gùn òkúta ni ó sì wà níwájú rẹ̀. Mo ti kẹ̀kẹ́ sábẹ́ igi kan, mo ní kí Délé dúró kí n lọ béèrè.

Bàbá kan ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó ti rí wa láti òkè. Kí n tó la ẹnu, ó ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi pé kò sí wàhálà rárá. Ó ní ọ̀nà pẹrẹsẹ wà lẹ́yìn ilé, lífítì sì wà níbẹ̀ tí yóò gbé kẹ̀kẹ́ dé ẹnu yàrá máàpù. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ní kí n lọ gbé ọ̀gá mi wá, kí n tẹ aago, kí èmi sì dúró sí ibi tí àwọn ìránṣẹ́ ń dúró sí títí wọn yóò fi parí.

Ọ̀gá mi.

Ẹnu ọ̀nà ni èmi náà ń ṣọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ó yẹ kí n mọ̀ pé àṣìsọ ni. Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín, kí n sọ̀ kalẹ̀, kí n wí fún Délé, kí a jọ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́. N kò rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Délé, kò sí ọ̀nà. Àtẹ̀gùn ni gbogbo rẹ̀."

Ó wo òkè. "Kò sí lífítì ni?"

"Kò sí."

"Ẹ bi wọ́n?"

"Mo bi wọ́n. Ilé àtijọ́ ni, wọn kò lè gbẹ́ ògiri rẹ̀."

Ó fi ọwọ́ tọ́ etí ṣòkòtò rẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ kò sí. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Kò burú. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ẹ lọ bá mi wò ó. Ojú yín ni ojú mi."

Mo gun àtẹ̀gùn náà. Mo sọ fún bàbá ẹnu ọ̀nà pé ara ọ̀gá mi kò yá. Ẹ gbọ́, èmi fúnra mi ni mo pè é ní ọ̀gá nígbà yẹn, nítorí ó bá irọ́ mi mu.

Èyí tí ó burú jù ni mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi. N kò dé yàrá máàpù náà. Ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí wà ní àjà ìsàlẹ̀ ilé náà. Mo jókòó síbẹ̀, mo mu kọfí, mo jẹ àkàrà òyìnbó kékeré kan tí wọ́n fi ẹyin ṣe. Mo mọ̀ pé bí mo bá rí orúkọ ìlú wa lórí awọ yẹn, ẹ̀rí-ọkàn mi yóò lé mi padà sísàlẹ̀ láti lọ gbé Délé wá. N kò fẹ́ kí ó lé mi. Mo jókòó fún ohun tí ó tó wákàtí kan. Àkàrà náà dùn. Mo rántí adùn rẹ̀ títí di òní, ó sì ń kó mi nírìíra.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, òòrùn ti yí, òjìji igi ti kúrò lórí Délé. Kò yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà, nítorí ó ń wo ẹnu ọ̀nà kí ó má baà pàdánù ìgbà tí mo bá jáde.

"Ẹ rí i?"

"Mo rí i."

"Ìjẹ̀bú?"

"Ó wà níbẹ̀ gbangba. Létí ọ̀sà."

Délé bú sẹ́kún. Nítorí kò lè dọ̀bálẹ̀ mọ́, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó tẹ orí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi kan orúnkún rẹ̀ kan tí ó kù. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú mi fọ́. Àwọn tí ń kọjá ń wò wá. Wọ́n rí i báyìí pé èmi ni ẹ̀gbọ́n. Ohun tí mo ń wá nìyẹn, ó sì tẹ̀ mí lọ́wọ́.

A padà sí Toronto. Ní ìpàdé akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, Délé gba ọ̀rọ̀ sọ, ó ní ẹ̀gbọ́n òun gun òkè nítorí òun, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí orúkọ ìlú baba wa. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo dìde, mo juwọ́ sí wọn. Mo ń sọ fún ara mi pé lọ́dún tí ń bọ̀, n ó wá ọgbọ́n kan, n ó sọ pé wọ́n ti ṣe lífítì, kí Ṣadé tún gbé e lọ. Kí ọdún náà tó pé, kíndìnrín Délé dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ẹ̀rọ ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọsibítù, èmi ni mo sì máa ń lọ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ débẹ̀. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú mọ́. Ọ̀nà tí mo ní kò sí wá di èyí tí kò sí lóòótọ́.

Délé kò jókòó lásán. Ó kọ ìwé kékeré kan nípa ìlú wa fún àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́ Yorùbá ní ọjọ́ Sátidé ní àdúgbò mi. Ṣadé tẹ̀ ẹ́. Ní ojú ewé kìíní, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ máàpù, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ̀gbọ́n mi fi ojú ara rẹ̀ rí i." Ó ní kí n wá bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n pín in.

Mo lọ. Délé wà nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mi. Ọmọdébìnrin kan, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, nawọ́ sókè. Ó ní, "Grandpa, how big was it?"

N kò mọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò mọ̀. Mo la apá mi méjèèjì bí ẹni tí ń wọn aṣọ. Gbogbo àwọn ọmọ náà la apá tiwọn bákan náà láti wò ó. Ogún ọmọ, tí wọ́n la apá fún irọ́ mi. Délé náà la apá tirẹ̀. Ojú rẹ̀ ń dán.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, èmi gan-an ni mo sì wọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó tẹ̀lé e, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Burlington. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá Délé, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. N kò fi kọfí pamọ́. Ó gbọ́ ọ tán.

Ó ní, "Lífítì wà níbẹ̀."

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀."

"Ìṣẹ́jú mélòó ni ì bá gbà?"

"Márùn-ún."

Ó mi orí. Ó pe Ṣadé, ó ní kí ó gbé páálí àwọn ìwé tó kù wá pẹ̀lú báírò. Ṣadé bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Àṣìṣe kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ tún ṣe." Ó gbé ìwé kọ̀ọ̀kan lé itan, ó ṣí ojú ewé kìíní, ó sì fa ilà sórí gbólóhùn tí ó kọ nípa mi. Mo ní kí n bá a ṣe díẹ̀. Ó ní, "Rárá, ẹ jókòó." Mo jókòó. Mo ń wò ó títí páálí náà fi tán. Kò sọ̀rọ̀ burúkú kan sí mi. Ì bá sàn bí ó bá sọ ọ́.

Nígbà tí mo dìde láti lọ, ó ní, "Àwọn ọmọ tí wọ́n ti gba tiwọn ńkọ́? Ẹ̀yin ni ẹ máa lọ sọ fún wọn o. Kì í ṣe èmi."

N kò tíì lọ. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì náà lẹ́ẹ̀mejì, mo gbọ́ ohùn wọn, mo padà. Ìwé tí mo kọ sí yín yìí ni agbára mi ká báyìí. Bí ọmọ yín bá wà lára àwọn tí wọ́n la apá lọ́jọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ẹ sọ fún un pé bàbá àgbà yẹn kò rí nǹkan kan.

Ìmọ̀ràn kan ni mo sì ń tọrọ. Mo fẹ́ lọ bẹ Délé. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó ṣẹ̀ ni í dọ̀bálẹ̀, àbúrò ni ó sì máa ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n. Ní ọjọ́ ayé mi, n kò tíì dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí mo jù lọ. Bí mo bá nà gbalaja níwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ṣé ẹ̀bẹ̀ ni yóò pè é, àbí n ó tún máa dójú tì í nínú ilé ọmọ rẹ̀ ni? Tàbí kí n mú àwọn àgbà ìpàdé wa lọ, kí gbogbo wọn gbọ́ ohun tí mo ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ má wo ewú orí mi. Ẹ sọ òtítọ́ fún mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá láti ọjọ́ Ẹtì náà. Obìnrin kan tí Ṣadé gbà síṣẹ́ ni ó ń ti kẹ̀kẹ́ Délé lọ sí ọsibítù báyìí.